"Oblong" ni mo pè, onígun mẹ́rin ló gbé dé: ẹ bá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí

Ìyá Tóbi (Sùúrùlérè)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ariwo.

Mo ní kí káfíńtà kan bá wa ṣe tábìlì ìjẹun. Orí fóònù la ti sọ ọ́. Mo ní kó gùn ní fíìtì 5, kó fẹ̀ ní fíìtì 3, kó sì jẹ́ "oblong". Mo ṣàlàyé fún un pé nítorí ọmọ ni, torí àbígbẹ̀yìn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ibi tí orí rẹ̀ ga dé gan-an ni igun tábìlì sì máa ń wà.

Àná ló gbé e dé. Onígun mẹ́rin ni, igun rẹ̀ sì mú. Mo béèrè pé kí ló dé, ó ní ohun tí mo pè ni òun ṣe, pé láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ òun pé "oblong" ni ohun tó ní igun mẹ́rin tó sì gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Èmi mọ̀ dájú pé ohun tó gùn, tí orí àti ìdí rẹ̀ ká, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ti gbè sẹ́yìn káfíńtà. Ìdajì owó iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kí ni oblong gan-an? Kí ni kí n sì ṣe sí tábìlì yìí?

Tíṣà Ìṣirò (Yábà)

Ẹ má bínú, màmá Tóbi, káfíńtà ló jàre.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí kò sì ní ìyàn nínú lọ́dọ̀ wa. Euclid, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìsì tó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi, ti to àwọn onígun mẹ́rin lẹ́sẹẹsẹ. Ó fi square ṣáájú, èyí tí igun rẹ̀ gún régé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dọ́gba. Èyí tó tẹ̀ lé e ni èyí tí igun rẹ̀ gún régé àmọ́ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò dọ́gba, òun náà ni wọ́n túmọ̀ sí oblong ní Gẹ̀ẹ́sì. Ojú ilẹ̀kùn, ojú búlọ́ọ̀kù, páálí ìṣáná, oblong ni gbogbo wọn.

Ohun kan wà tí àwọn ọmọ máa ń gbé gba ibòmíì. Wọ́n rò pé ọ̀kan náà ni oblong àti rectangle. Wọ́n sún mọ́ra, wọn ò dọ́gba. Square náà rectangle ni, torí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé, àmọ́ square ò lè jẹ́ oblong láé, torí pé kò gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Kódà àwọn nọ́ńbà kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ oblong: 2, 6, 12, 20 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kó ìdérí ìgò 12 sílẹ̀, ẹ tò ó ní ìlà 3, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní 4. Ẹ ó rí i pé onígun mẹ́rin ló dà, ó sì fi ẹyọ kan péré gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ.

Ẹ san owó káfíńtà, kí ẹ wá bẹ̀ ẹ́ kó bá yín tún igun rẹ̀ ṣe.

Apòògùn (Ìkẹjà)

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ mi ò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín dúró bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ inú kíláàsì yín kọ́ ni gbogbo ayé ń lò.

Ẹ mú ìwé pélébé tó wà nínú páálí oògùn, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ṣàpèjúwe bí oògùn náà ṣe rí. Ẹ ó bá "oblong" pàdé níbẹ̀ dáadáa: funfun, oblong, ojú rẹ̀ méjèèjì yọ díẹ̀. Ẹ wá tú oògùn náà sọ́wọ́. Kò sí igun kankan lára rẹ̀. Ó gùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì gún, orí àti ìdí rẹ̀ ká kó lè gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá láìhá. Bí wọ́n ṣe ń lò ó nínú iṣẹ́ wa nìyẹn, kò sì sí ẹni tó ń bá wa jà lórí rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ ṣe pàtàkì: àwọ̀ oògùn, bó ṣe rí, àti ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ la fi ń dá a mọ̀ nígbà tó bá ti kúrò nínú páálí rẹ̀.

Ìyá Tóbi ò sọ ohun tí kò sí. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tó ní ojú méjì, wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbọ́ pé nítorí orí ọmọ ni, tó tún lọ gbé igun mímú wá, ṣé ó gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ náà?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin ará, ẹ ti ń jìnnà jù. "Oval" ni màmá ì bá pè, ọ̀rọ̀ á sì ti tán. Oval wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn fún ẹyin, ẹyin ò sì ní igun. Oblong wá láti inú Látìn náà, gígùn ló ń sọ, kò sọ ti igun rárá.

Ní ti tábìlì, ó rọrùn. Kí wọ́n kan ìṣó méjì sórí ìlà àárín rẹ̀, kí wọ́n jìnnà síra ní fíìtì 3, kí wọ́n so okùn fíìtì 5 mọ́ ìṣó méjèèjì, kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù na okùn náà kó le, kí wọ́n sì máa fà á yí ká. Ohun tó máa yà jáde, òun ni oval. Kí wọ́n fi ayùn tẹ̀ lé e.

Olùkọ́ Baolójì (Àkọkà)

"Oval" náà ò yanjú ẹ̀ o. Ẹ mú ẹyin adìyẹ kan, ẹ wò ó dáadáa: ìdí kan tóbi, ìkejì rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ṣé tábìlì bẹ́ẹ̀ ni màmá fẹ́? Oval ń gba èyí tó rí bí ẹyin gan-an mọ́ra, ó sì ń gba èyí tí orí àti ìdí rẹ̀ dọ́gba mọ́ra. Èyí tó dọ́gba yẹn ló ń jẹ́ ellipse.

Àwa tá à ń fi ewé ṣiṣẹ́ ti ya gbogbo wọn sọ́tọ̀, torí bí ewé ṣe rí wà lára ohun tá a fi ń mọ igi. Bí ewé bá fẹ̀ jù lápá ibi tí igi rẹ̀ wà, ovate là ń pè é. Bó bá jẹ́ àárín ló ti fẹ̀ jù, elliptic ni. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì bá wá ń bá ara wọn lọ gbọọrọ, tí wọn ò súnmọ́ra, tí wọn ò jìnnà síra, títí ó fi kù díẹ̀ kó dópin kó tó wá ká, òun ni oblong. Ẹ já ewé gúáfà mélòó kan, ẹ tẹ́ wọn sórí àtẹ́lẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí igi kan náà, ẹ ó rí èyí tó jẹ́ elliptic, ẹ ó sì rí èyí tó jẹ́ oblong. Ẹ fi ìka tọ etí rẹ̀ lọ, ẹ ó mọ ibi tó ti ń gún àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká.

Nítorí náà, ẹ̀yìn Apòògùn ni mo wà. Oblong wa ní ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ, kò ní igun.

Ìyá Gèlè (Ọ̀ṣòdì)

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ojú èèyàn kún un. Àwa tá à ń kun ojú ìyàwó, tá à ń wé gèlè, máa ń pe ojú kan ní oval, a sì ń pe òmíràn ní oblong. Méjèèjì ló gùn. Ti oval, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fẹ̀ díẹ̀, àgbọ̀n á wá rọra sọ kalẹ̀. Ti oblong, iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ bákan náà, àgbọ̀n rẹ̀ sì gùn. Èmi kì í wé gèlè onígogoro fún ojú oblong, torí á túbọ̀ fa ojú gùn sókè. Mo máa ń jẹ́ kí gèlè fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kó sì sọ kalẹ̀ díẹ̀ bo iwájú orí. Kò sí ojú èèyàn tó ní igun bíi ti búlọ́ọ̀kù, a sì ń pè é ní oblong.

Atẹ̀wé (Ṣómólú)

Àwa náà ní tiwa. Bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ ìwé oblong, èyí tó dùbúlẹ̀ ló ń sọ: ó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Ìwé A4 jẹ́ mílímítà 210 sí 297. Bí 297 bá wà lókè, tí 210 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n máa dì pọ̀, ó di oblong nìyẹn. Ìwé àwòrán ìgbéyàwó pọ̀ tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Igun rẹ̀ wà níbẹ̀ o, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìbéèrè wa kò jẹ mọ́ igun rárá, ẹ̀gbẹ́ wo la máa dì la máa ń béèrè. Bí oníṣẹ́ kan bá dì í sí ẹ̀gbẹ́ tó gùn, ó ti di kàlẹ́ńdà tó ń ṣí sókè, owó bébà ti ṣòfò. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń ká bébà kan lé ara rẹ̀, tá a sì máa ń fi han oníbàárà kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí Amẹ́ríkà (Ìkòyí)

Mo gbé Amẹ́ríkà rí, ẹ jẹ́ kí n fi èyí sí i. Ibi tí èèyàn ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá ṣí ìwé ìtumọ̀ àwọn ará Bìrìtìkó, igun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò dọ́gba ni ẹ máa sábà kọ́kọ́ bá. Merriam-Webster ti Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ sọ pé ohun tí wọ́n fà gùn sí apá kan ni, kí wọ́n tó fà á ó lè jẹ́ square, ó lè jẹ́ òbìrìkìtì, ó sì lè rí bíi bọ́ọ̀lù. Lójú tiwọn, oval wà lábẹ́ oblong, rectangle tó gùn náà wà lábẹ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé wa, ọ̀dọ̀ Bìrìtìkó ló ti wá. Ohun tí à ń wò lórí fóònù lóde òní, Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí káfíńtà àti màmá Tóbi ṣe pàdé lójú ọ̀nà nìyẹn.

Káfíńtà (Mùṣín)

Ẹ kú àpérò. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, bí àgbàlagbà bá pe oblong, onígun mẹ́rin ló sábà máa ń ní lọ́kàn. Àwọn tó rí àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń ní èyí tó ká lọ́kàn. Nítorí náà, èmi kì í gé pákó lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo máa ń ya á sórí ìwé, màá yà á ní fọ́tò, màá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, màá sì béèrè pé: igun ńkọ́? Ṣé kí n jẹ́ kó mú ni, ṣé kí n fi ọmọrí agolo ọ̀dà ká a díẹ̀, àbí kó má sí igun rárá? Káfíńtà tí wọ́n dárúkọ ọmọ fún yẹ kó béèrè. Ibẹ̀ ni mo ti dá a lẹ́bi. Àmọ́ òun náà ra pákó, ó fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, kò sì ṣe ohun tí wọn ò pè.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìṣó tí ẹ pè yẹn máa ba tábìlì jẹ́. Okùn fíìtì 5 pẹ̀lú ìṣó tó jìnnà síra ní fíìtì 3, ohun tó fẹ̀ ní fíìtì 4 ló máa yà. Pákó màmá ò ju fíìtì 3 lọ, pẹ́ńsùlù á ti bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Fíìtì 4 ló yẹ kí ìṣó méjèèjì fi jìnnà síra, ìyẹn ni pé ìṣó kọ̀ọ̀kan á wà ní ínṣì 6 sí etí tábìlì lápá tirẹ̀. Okùn fíìtì 5 tí ẹ pè, ìyẹn tọ̀nà, láti ìdí ìṣó dé ìdí ìṣó.

Ẹni tí tábìlì tirẹ̀ bá jẹ́ ìwọ̀n mìíràn, kó má da ara rẹ̀ láàmú. Wá àárín ẹ̀gbẹ́ tó gùn. Fi orí téèpù síbẹ̀, kí o na téèpù náà dé ìdajì òòró tábìlì. Rọra yí i sí ọ̀tún títí ibi ìdajì yẹn á fi kan ìlà àárín tó gba òòró tábìlì kọjá, sàmì síbẹ̀. Yí i sí òsì, sàmì. Ojú ìṣó rẹ nìyẹn. Ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ò ka ìwé, bó ṣe ń ṣe é nìyẹn, tábìlì rẹ̀ kì í sì í wọ́.

Ìyá Tóbi (Sùúrùlérè)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi ọ̀rọ̀ Apòògùn han ọkọ mi, ó ní òun ṣì wà lẹ́yìn Tíṣà. Káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ tábìlì yìí wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pákó tín-ín-rín kan sì so wọ́n pọ̀ nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá gé òkè rẹ̀, ẹsẹ̀ ò ní yọ síta bí?

Ẹ̀gbọ́n Àgbà (Ẹ̀bùté-Mẹ́ta)

Ní ti owó, àbúrò, ẹ pè é, kí ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ ní ẹ ó san ìdajì tó kù bó ṣe wà, pé kó bá yín gé e láìgba owó iṣẹ́, kí ẹ̀yin ra sáńpépà àti fániṣì. Kò ní ra pákó tuntun, torí inú fíìtì 5 sí 3 yẹn náà ni èyí tó ká máa ti jáde. Ẹ má jẹ́ kó dé etí ẹgbẹ́ káfíńtà tàbí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ tí tíṣà àti apòògùn ò fẹnu kò lé lórí, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ dá ẹjọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Tíṣà Ìṣirò (Yábà)

Mo ti ka tiyín gbogbo. Nínú ìwé ìdánwò, bí ọmọ bá ya oògùn sílẹ̀ tó pè é ní oblong, mi ò ní fún un ní máàkì, mo dúró lórí ìyẹn. Ọmọ tó bá gbé ìtumọ̀ méjì wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, á jáde pẹ̀lú ìdààmú.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan lé e fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí wọ́n pe oval. Ojú ìsáré mítà 400, irú èyí tó wà ní National Stadium ní Sùúrùlérè níbí, oval ni gbogbo ayé ń pè é. Ní ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe é, ẹ̀gbẹ́ méjì rẹ̀ gún tinrin ní mítà 84.39, orí rẹ̀ méjèèjì sì jẹ́ ìdajì òbìrìkìtì, mítà 36.50 láti àárín dé etí. Kò rí bí ẹyin, kò sì jẹ́ ellipse, okùn àti ìṣó méjì ò lè yà á. Bí màmá bá lọ pe oval fún káfíńtà mìíràn, ó ṣì lè gbé ọ̀kan nínú mẹ́ta wá. Kí wọ́n ya àwòrán.

Káfíńtà (Mùṣín)

Tíṣà ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Irú èyí tó rí bí ojú ìsáré yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ fún màmá Tóbi, nítorí ẹsẹ̀ tí wọ́n béèrè.

Ẹsẹ̀ á yọ síta lóòótọ́. Bí wọ́n bá lo okùn, tí wọ́n wá gbé ẹsẹ̀ sí ibi tó jìnnà sí àárín tábìlì ní fíìtì 2, etí tábìlì níbẹ̀ ò ní ju ínṣì 10 lé díẹ̀ lọ sí ìlà àárín. Èèyàn á máa fi orúnkún gbá ẹsẹ̀ tábìlì. Bí orí rẹ̀ bá jẹ́ ìdajì òbìrìkìtì, ínṣì 13 ni ẹ ó rí níbẹ̀, àyè sì tún wà fún àwo oúnjẹ. Bí wọ́n ṣe máa ṣe é: ìṣó kan ní fíìtì 1 àbọ̀ sí orí, lórí ìlà àárín, okùn fíìtì 1 àbọ̀, kí wọ́n yà á yípo. Bẹ́ẹ̀ náà ní ìdí. Àárín tó máa ṣẹ́kù ní gbọọrọ jẹ́ fíìtì 2. Lọ́nà méjèèjì, kí wọ́n tú ẹsẹ̀, kí wọ́n gé pákó ìsàlẹ̀ tó so wọ́n pọ̀ kúrú, kí wọ́n wá fa ẹsẹ̀ wọlé.

Ẹ bi í bóyá pákó gidi ni òkè rẹ̀ àbí plywood. Pákó gidi, sáńpépà á dán etí rẹ̀. Bó bá jẹ́ plywood, gbogbo awẹ́ inú rẹ̀ á hàn níbi tí wọ́n gé, ẹ ó nílò pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tẹ̀ láti lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ yí ká. Kó má lo okùn tó ń fà, wáyà tín-ín-rín ló dára. Abẹ́ tábìlì ni kó sì kan ìṣó sí kí ihò má baà wà lójú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ àti pákó ìsàlẹ̀ yẹn fi gbọ́dọ̀ kúrò kó tó yà á, nítorí wáyà ò ní rí ọ̀nà kọjá.